Ọkọ̀ Tó Ru Omi Dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ọkọ̀ tí ọmọ mi fi ń gbé mi kiri báyìí ga bí àkàbà. Bí mo bá fẹ́ wọ̀ ọ́, n ó kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn mú, n ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé irin, n ó wá máa pe Ọlọ́run kí ti òsì tó tẹ̀ lé e. Ọmọ mi á ní, "Ẹ rọra, Màmá," á sì máa tì mí lẹ́yìn bí ẹni ń ti àpò gààrí. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sínú rẹ̀ tán, ẹ̀rín pa mí, omi sì tún bọ́ lójú mi, nítorí mo rántí Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Mo rántí ọdún tí gbogbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń torí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ kiri. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní gbà pé ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ lè da agboolé rú. Wọn ò ṣáà bá wa gbé.

Agboolé onígbá ni agboolé wa. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí oòrùn tó yọ, ìró ọ̀bẹ lára igbá la ó kọ́kọ́ gbọ́: wọ́rọ́, wọ́rọ́, wọ́rọ́. Àwọn àbúrò bàbá àgbà méjì ló máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń fín igbá, tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ àfi tí ọ̀kan bá ṣi ọ̀bẹ fi. Àwọn ọkùnrin ló ń fín in. Àwọn obìnrin ló ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń ha inú rẹ̀, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń tà á. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi kànrìnkàn gbo inú igbá tuntun títí ìkorò rẹ̀ yóò fi lọ. Ìka mi a máa korò débi pé bí mo bá gbàgbé tí mo fọwọ́ kan ẹnu, àkàrà àárọ̀ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Inú igbá la ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá àgbà ò fẹ́ rí kọ́ọ̀pù irin nílé rẹ̀. Ó ní kọ́ọ̀pù irin ò mọ ènìyàn, ẹnu ẹni tó rà á ló ń jó. Bàbá mi nìkan ni ọkùnrin ilé tí kò mú ọ̀bẹ. Ó ní ìró rẹ̀ ń ta òun léyín. Wọ́n bú u títí ó fi sá lọ kọ́ mọ́tò wíwà, ó sì ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, aláwọ̀ ewé, tí imú rẹ̀ rí rogodo, tí iná iwájú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ bú u yìí ló wá di ẹsẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá àgbà ti ń ná ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó bí bàbá mi. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni yóò kó igbá rẹ̀ láti Ọ̀yọ́, tí yóò lọ pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyá Mọ̀nsúrá, tó ń ta ọṣẹ dúdú. Ọjà náà ni ìròyìn rẹ̀, òun ni ẹ̀rín rẹ̀, òun ni oògùn rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó yọ̀ ṣubú létí kànga, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì kọ̀, kò ká mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó tún jáde lọ sí gáréèjì, kò lè gbé ẹsẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń gun ọkọ̀. Àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ méjì ki ọwọ́ sí i lábíyá, wọ́n gbé e sókè bí àpò èlùbọ́, ìró rẹ̀ sì tú lójú gbogbo gáréèjì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà wálé. Kò jẹun. Nígbà tí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun, ó ní, "Àkànní, bí wọ́n bá tún gbé mi bí ẹrù, mo ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. N ò ní lọ mọ́. N ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, n ó máa lé adìyẹ." Mo wà níbẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí gan-an, torí n ò rí kí Ìyá àgbà jókòó láìṣe nǹkan kan rí.

Bàbá mi ò bá a jiyàn. Ọjọ́ kejì ló wa píkọ́ọ̀pù, tí òun náà ga ju ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ nígbà náà, lọ bá Wòlíì, mẹkáníìkì rẹ̀ lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán. Wọn ò bí i ní Wòlíì o. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ló ń lọ, kì í wọ bàtà lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì máa ń gbàdúrà sí ẹ́ńjìnnì kó tó ṣí i. Òun àti bàbá mi, Aládùúrà àti Mùsùlùmí, ọ̀rẹ́ àtìgbà pípẹ́ ni wọ́n, wọn a sì máa fira wọn ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Wòlíì gé sípíríìnì iwájú, ó ki irin sáàárín sípíríìnì ẹ̀yìn, ara ọkọ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ títí abẹ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà á délé, Ìyá àgbà ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó sí i bí ẹni jókòó sórí àpótí ìdáná, ó wá fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló gbé mi?"

"Kò sẹ́ni tó gbé yín, Ìyá!" Gbogbo agboolé ló pariwo, àtàwọn bàbá tó ń fín igbá tí kì í sọ̀rọ̀.

Ìlú rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pe ọkọ̀ wa ní Arákò, torí bí ẹni ń rá nílẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ bi bàbá mi bóyá irú èyí táwọn ará Amẹ́ríkà ń gùn nínú fíìmù nìyẹn, bàbá mi ní, "Òun gan-an ni," ó sì gbé àyà síta. Ìyá àgbà ní onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní páńkàrá kí ayé tó bá a fi kólẹ̀, òun ò sì ní pe tòun bẹ́ẹ̀.

Ìdùnnú náà ò pé oṣù mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀kì ni irin gbọọrọ tí òróró wà nínú rẹ̀, tó ń di ọkọ̀ mú nídìí táyà kọ̀ọ̀kan kó má baà máa jó bó bá kó sí kòtò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lábẹ́ Arákò ti jò tán. Bó bá kó sí kòtò kan, á máa jó lọ títí yóò fi bá kòtò kejì. Títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà sì rèé, kòtò rẹ̀ ju ọ̀dà rẹ̀ lọ. Igbá kì í wúwo, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí ọkọ̀ bá fò, igbá á fò jù ú lọ, wọn á sì bọ́ lé ara wọn. Lọ́jọ́ ọjà kan, a tú àwọ̀n orí ẹrù ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan igbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá pé, á dún "kó". Èyí tó bá ti sán, á dún "pà". Méjìlá ló dún pà. Ó ń fẹnu wí i láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí a fi délé: "Pà. Pà. Pà." Àwọn bàbá tó fín igbá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. N ò gbọ́ kí agboolé wa dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lọ́sàn-án gangan.

Ìyá àgbà ní àṣà kan tí gbogbo ọmọbìnrin ilé mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ru igbá rẹ̀ lọ sọ́jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ru omi. Yóò pọn omi kún igbá dé ibi ìlà tí wọ́n fín sínú rẹ̀ nísàlẹ̀ ẹnu, yóò gbé e lé ọ lórí láìsí òṣùká, ìwọ yóò sì rìn láti ìdí kànga dé ẹnu ọ̀nà ìta. Bí omi bá fi ju ìka kan lọ dín sí ìlà, padà lọ máa gbo igbá. Mo ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún náà. Nígbà àkọ́kọ́, ewúrẹ́ ló fà á. Nígbà kejì, n ò rí ewúrẹ́ kankan tí n ó dá lẹ́bi. Ìyá àgbà ò nà mí, ó kàn ní, "Ọrùn rẹ ò tíì gbọ́n." Ó dùn mí ju pàṣán lọ. Nítorí náà, nígbà tí Wòlíì dé pé òun fẹ́ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, tí Ìyá àgbà sì ní kí n lọ pọn omi sínú igbá wá, mo rò pé èmi ló tún kàn.

"Kì í ṣe ìwọ," ló wí. "Mọ́tò ni. Ẹni tó bá máa ru igbá mi, á kọ́kọ́ ru omi."

Wòlíì fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó sì lọ ra ṣọ́ọ̀kì tuntun inú páálí, irú èyí tí wọ́n ṣe fún píkọ́ọ̀pù gan-an. Ó ń dán yanranyanran. Nígbà tó dè é tán, wọ́n gbé igbá omi sẹ́yìn ọkọ̀, bàbá mi wà á yí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ká. A gbọ́ ọ kí a tó rí i: gbà! gbà! gbà! Gbogbo gọ́tà tó bá kọjá, bí ẹni ń lu ilẹ̀kùn àwọn ajigbèsè. Igbá ti dojú dé, omi ti tán. Wòlíì ní bóyá ṣọ́ọ̀kì náà ò lágbára tó ni. Ó lọ wá tòkunbọ̀ kan tó ti ara ọkọ̀ akóṣu jáde, ó ki bí apá alágbẹ̀dẹ. Ìyẹn ò dún gbà rárá, ṣùgbọ́n ó sọ ọkọ̀ di òkúta. Bí táyà bá gun òkúta, gbogbo ọkọ̀ á gùn ún pọ̀. Igbá ò dojú dé, àmọ́ omi ta sókè, ó ta síhìn-ín, ó ta sọ́hùn-ún, ó ku ìdajì. Ìyá àgbà wo ìlà inú igbá, ó wo Wòlíì. "Ọrùn rẹ̀ ò tíì gbọ́n," ló wí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: inú mi dùn díẹ̀ pé mo rí ẹnìkejì.

Wòlíì bọ́ fìlà, ó fi nu ojú. "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́," ló sọ fún bàbá mi. "Ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kò sí ṣọ́ọ̀kì tó lè bá a mu. Ẹ jẹ́ kí n gbé e padà sókè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí Ìyá wa sinmi. Wọ́n ti ṣe títí."

Bàbá mi wo ilẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fọ́ igbá ò wúlò fún onígbá, ọkọ̀ tó ga ò sì ní gbé onígbá. Ó gbà pé bí òun bá kírun Jímọ̀ tán, kí Wòlíì wá gbé e sókè. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó na ọwọ́ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó lé adìyẹ. Bàbá mi rí i, ó yí ojú padà kíákíá, ó sì wọ yàrá lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, èmi àti Ìyá àgbà ń wá ọmọrí fún àwọn igbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha. Ìyá àgbà kì í fi rúlà wọn nǹkan. Okùn òwú kan ló ní, tó ti fi ìda ra títí ó fi dúdú. Yóò fi yí ẹnu igbá ká, yóò ta kókó, yóò wá lọ wá ọmọrí tó bá kókó náà mu. Mo gbé igbá kan sókè kó lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó sì gbá mi lọ́wọ́. "Gbé e kalẹ̀! Igbá tí kò tíì gbẹ, bí o bá fọwọ́ mú un báyìí, ẹnu rẹ̀ á yí padà. Ibi tó bá jókòó sí la ti ń wọ̀n ọ́n." Mo gbé e kalẹ̀. Ó na okùn, ó fẹ́ ta kókó, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Àṣàkẹ́, nígbà tí Wòlíì ń wọn ọkọ̀, níbo ni ọkọ̀ wà?"

"Lórí jáàkì, Ìyá."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ronú kan táyà méjèèjì tó ń rọ̀ dirodiro lọ́jọ́ náà. "Ó nà sílẹ̀, Ìyá. Kò kan ilẹ̀."

"Àkànní o!" Ó pariwo débi pé adìyẹ tí kò lé ló fò lọ fúnra rẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Wòlíì. Ó dé tòun ti epo lọ́wọ́, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ kí Ìyá àgbà. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá wa. Kò sí láburú, àbí?"

"Wòlíì, ẹni tó bá fọwọ́ rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sílẹ̀, ṣé bó ṣe máa ga nìyẹn tó bá jókòó?"

"Rárá, Ìyá wa."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ mi rọ̀ lo wọ̀n ọ́n?"

Wòlíì ní kò sí bí òun ṣe lè ṣe é. Bí ọkọ̀ náà bá dúró lórí táyà rẹ̀, orí òun ò lè wọ abẹ́ rẹ̀, ká má tíì sọ ti àyà. Òótọ́ ló sọ. Kò sí àgbàlagbà kankan ní Ọ̀yọ́ tó lè wọ abẹ́ Arákò bí kò bá sí lórí jáàkì. Ojú gbogbo wọn wá ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe igbá ni wọ́n fẹ́ kí n gbo.

Wọ́n fi òkúta ńláńlá di táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n to igbá kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ìgbà tó bá di ọjọ́ ọjà, bàbá mi jókòó sídìí ọkọ̀, Ìyá àgbà jókòó sáyè rẹ̀. Wòlíì gbàdúrà, bàbá mi ní Bísímílà, èmi sì dojú bolẹ̀, mo rá wọlé bí alángbá. Abẹ́ ọkọ̀ ń rùn bí epo àti erùpẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá àgbà lókè mi, "Rọra o, ìyá mi, rọra." Mo na okùn òwú Ìyá àgbà láti ibi tí wọ́n ti ń de orí ṣọ́ọ̀kì dé ibi tí wọ́n ti ń de ìdí rẹ̀, mo ta kókó, mo sì fi eyín fà á le. Nígbà tí mo jáde, wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀, Wòlíì na okùn kan náà síbẹ̀, ó ta kókó kejì. Ìyá àgbà wá na okùn síwájú wa lórí ẹní. Wòlíì mú ṣọ́ọ̀kì tuntun tó kọ́kọ́ rà, ó tì í wọlé dé òpin, ó gbé e ti okùn náà. Bó ti kúrú mọ yẹn náà, díẹ̀ ló kù kó gùn tó kókó tèmi. Ìyẹn ni pé bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ẹrù, ṣọ́ọ̀kì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ dé òpin, kò fi bẹ́ẹ̀ láyè tó tún lè tẹ̀ sí mọ́. Gọ́tà kékeré kan ló kù kí irin fi bá irin. Wòlíì fọwọ́ lérí. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè," ló wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá àgbà lórí erùpẹ̀. Bàbá mi ní kó dìde, kó má sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ Ìsinmi.

Bí bàbá mi ṣe kírun Jímọ̀ tán, kàkà kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, ṣe la gbéra lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì àlòkù. Ìyá àgbà jókòó lórí táyà kan, okùn lọ́wọ́, ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà kó gbogbo ṣọ́ọ̀kì tó ní síta. Bó ṣe ń yẹ igbá wò ló ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tó bá gùn jù fún okùn, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá mu, Wòlíì á tì í wọlé, á tún fà á jáde. Èyí tó bá le koko mọ́ ọn lọ́wọ́, Ìyá àgbà á ní, "Oníbìínú." Èyí tó bá ń lọ tó ń bọ̀ láìjanpata, "Ọ̀lẹ." Èyí tí òróró ti yí ìdí rẹ̀, "Ìyẹn ń tọ̀ sára." Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Wòlíì mú kúkúrú méjì kan. Wọ́n wọlé pẹ̀lú sùúrù, wọ́n jáde pẹ̀lú sùúrù. Ìyá àgbà ní, "Àwọn wọ̀nyí lọ́mọ gidi. Wá méjì yòókù wọn wá."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọlọ́jà. "Ìyá, ẹ má bínú o. Ti ọkọ̀ kékeré nìyẹn, èyí tí tíṣà fi ń gbé ìyàwó lọ sílé àna. Kì í ṣe ti píkọ́ọ̀pù. Kò lè ru iṣu láéláé." Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀nà bóyá ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ń kọjá. Wòlíì pàápàá mi orí. Ó ní òun ò rí i rí kí wọ́n de ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ kékeré mọ́ píkọ́ọ̀pù.

"Ta ló ń ru iṣu?" Ìyá àgbà na ọ̀pá rẹ̀ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbogbo yín, orúkọ ọkọ̀ lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ẹrù inú rẹ̀. Igbá ni mò ń kó. Igbá ò fẹ́ alágbára. Onísùúrù ló ń fẹ́."

Bàbá mi yọ owó, a sì ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí mo dàgbà tí ọkùnrin méjì ń bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀kan alágbára, ọ̀kan onísùúrù, ọ̀rọ̀ ìdí táyà àlòkù yìí ni mo fi yan èyí tí mo fẹ́. N ò kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

Wòlíì ní láti lu ihò irin fẹ̀ díẹ̀ kí ẹnu ṣọ́ọ̀kì tó gbà, àmọ́ kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó, ó ti dè wọ́n tán. Ó tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tẹ igun kejì. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. "Halelúyà!" ni Wòlíì kígbe, "Àlááù Àkíbà!" ni bàbá mi dá a lóhùn. Wọ́n fẹ́ máa jó. Ìyá àgbà ní kí wọ́n dúró ná. Ó ní ìdí kànga sí ẹnu ọ̀nà nìyí, kì í ṣe ọjà.

Lọ́jọ́ ọjà, ó gbé igbá omi náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú ọkọ̀, omi tó ìlà gẹ́lẹ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èmi jókòó láàárín òun àti bàbá mi. Wòlíì wà lẹ́yìn pẹ̀lú igbá. Ó ní òun kàn fẹ́ lọ kí ẹnì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sọ ẹni náà fún wa títí dòní. N ò wo igbó, n ò wo ọkọ̀ tó ń pàdé wa, omi ni mò ń wò. Kí a tó dé Odò Ọbà, kòtò kan wà níbẹ̀ tí gbogbo awakọ̀ fi ń búra. Bàbá mi fẹ́ yà fún un, ọkọ̀ ajágbé ńlá kan sì ń bọ̀ níwájú, kò síbi tó lè yà sí. "Ìyá, ẹ dì í mú!" ló pariwo. Ìyá àgbà ká ọwọ́ láyà. A kó sí i. Mo di ojú. Ọkọ̀ tẹrí ba, ó gòkè, ó dúró. Mo la ojú. Omi ń mì lọ, ó ń mì bọ̀, ó kan ẹnu igbá níhìn-ín, ó kàn án lọ́hùn-ún, ó sì rọra jókòó padà. Wòlíì ń lu òrùlé ọkọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì sókè fáàfáà. Bàbá mi ò ní kó dákẹ́. Ìgbà tó yá, òun náà ń gbè é.

Àwọn ará ọjà ti gbọ́ pé Ìyá Onígbá ti fẹ̀yìn tì. Ìyá Mọ̀nsúrá ti tẹ́ ọṣẹ dé àyè rẹ̀. Nígbà tó rí imú Arákò, ó gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Wọ́n ní o ò wá mọ́!" Àwọn alábàárù méjì sáré wá síbi ilẹ̀kùn láti gbé Ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró síbẹ̀." Ó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kalẹ̀, ó gbé èkejì tì í, ó dìde dúró gbọnyin lórí ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó wo ojú wa.

"Ta ló gbé mi?"

"Kò sẹ́ni tó gbé yín!" A pariwo débi pé àwọn tó ń ta ata yíjú wò wá. Láti ọjọ́ náà, kò tún sẹ́ni tó gbé Ìyá àgbà mọ́ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ sin.

Wọ́n tú àwọ̀n. Ó fi ìka kan igbá lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa ń tẹ́tí: kó, kó, kó, kó, títí dé èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyá Mọ̀nsúrá ti ń kó ọṣẹ rẹ̀ kúrò láyè onígbá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ìyá àgbà wá ní kí n gbé igbá omi wá látinú ọkọ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, mo rìn bí ẹni ń rìn lórí ẹyin. Ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Kò dín tó ìka kan. "Ọrùn rẹ̀ ti gbọ́n," ló wí fún bàbá mi. Ó mu nínú omi náà. Ó gbé e fún bàbá mi, ó gbé e fún Wòlíì, wọ́n mu ún lórí ìnàró láàárín ọjà bí ẹni ń mu ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá. Ó wá gbé èyí tó kù fún mi.

"Mu ún tán, Àṣàkẹ́. Ìwọ lo wọ abẹ́ rẹ̀. Bí a bá délé, ìwọ náà á tún ru tìrẹ wò."

Omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì korò díẹ̀. Èmi ni mo gbo igbá náà, n ò gbo ó dáadáa. Mo mu ún tán.